'O' àbí 'Ẹ'? Ohun Tí Umbopa Kọ́ Mi Nípa Ìtumọ̀

Ní sáà tó kọjá, wọ́n ní kí oníkálukú wa mú ojú-ìwé kan nínú ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Mo mú King Solomon's Mines tí H. Rider Haggard gbé jáde ní 1885. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ló dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Allan Quatermain, ọdẹ òyìnbó tó ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà, tẹ̀ lé Sir Henry Curtis àti Captain Good la aginjù kọjá láti wá àbúrò Sir Henry tó sọnù. Umbopa gba iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò mọ̀ pé òun gan-an ni Ignosi, ẹni tí oyè ọba Kukuana tọ́ sí.

Lójú ọ̀nà, Umbopa pe Sir Henry ní Incubu, orúkọ tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fún un. Quatermain bínú pé kò yẹ kí wọ́n máa pe òyìnbó bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀. Umbopa rẹ́rìn-ín, ó sì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òun kò bá ọ̀gá òun dọ́gba.

Mo kọ ọ́ báyìí: "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Olùkọ́ wa fa ìlà sí abẹ́ 'lẹ', ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ta ló ní kó dọ̀bálẹ̀?"

Ojú tì mí. Haggard kò ní kó dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo fi í sí ìdọ̀bálẹ̀. 'Thou' ni Haggard fi sí i lẹ́nu. Nígbà kan rí, 'thou' ni wọ́n fi ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, 'you' sì wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó yá, 'you' di ti ọ̀wọ̀, bíi 'ẹ' tiwa. Ní 1885, inú Bíbélì, àdúrà àti ewì ni etí ti sábà ń gbọ́ 'thou'. Ìwúwo àtijọ́ ló fún ọ̀rọ̀ Umbopa; kò sọ ọ́ di aláfojúdi, kò sì sọ ọ́ di ẹrú.

Yorùbá kò fún wa ní irú àyè yẹn. Quatermain ti tó ẹni ọdún 55, Umbopa sì tó 30: ọjọ́ orí ní kó lo 'ẹ'. Ṣùgbọ́n ọmọ ọba ni, ọba kì í sì í kéré. Níkẹyìn, mo jẹ́ kó máa lo 'ẹ' títí dé ìbéèrè yẹn. Níbẹ̀ nìkan ló ti ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Lẹ́yìn náà ó padà sí 'ẹ'. Ìgbà tó fi àmì ejò tó yí ìbàdí rẹ̀ ká hàn wọ́n ni 'ẹ' wá bọ́ sẹ́nu Quatermain.

Mo wá wo fíìmù 1937 tí Robert Stevenson darí. Wọ́n fi Kathy O'Brien kún un, obìnrin kan tó ń wá bàbá rẹ̀, tí kò sí nínú ìwé rárá. Àmọ́ Paul Robeson ló ṣe Umbopa. Ohùn rẹ̀, ìdúró rẹ̀ àti orin rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí 'thou' ṣe nínú ìwé. Òǹtumọ̀ kò ní ohùn Robeson. 'O' àti 'ẹ' ló ní.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ máa ṣe ìtumọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kìíní, ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn inú ìtàn náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí oníkálukú ń pe ẹnìkejì. Bí a kò bá yàn án fúnra wa, àṣà wa á bá wa yàn án, a ò sì ní mọ̀.