Àpótí Ìwé Ìdílé

Ìwé ìdílé tó ń wọ ilé àkójọ ìtàn àdúgbò kì í sábà wá nínú fáìlì. Abẹ́ ibùsùn bàbá àgbà ló ti ń jáde, nínú àpótí onírin: rìsíìtì owó-orí, ìwé ilẹ̀, káàdì ìrìbọmi, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lẹ́tà ọmọ tó lọ sókè òkun. Ohun tó máa ń wu ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni kó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀, rìsíìtì sọ́tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Bí ẹni tó ni ìwé ṣe tò ó, ẹ̀rí ni. Bí rìsíìtì owó ilé-ìwé bá wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n fi fi oko kòkó dógò, a ti rí ibi tí owó ilé-ìwé ti wá. Bí wọ́n bá ti yà wọ́n, ó parí. Àwòrán ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà, ní ìpele-ìpele, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n ta ló láṣẹ àpótí náà? Nílé olórogún, ọmọ ìyá kan lè gbé e wá lónìí, kí ọmọ ìyá kejì wá béèrè rẹ̀ lọ́la. Kí mọ̀lẹ́bí jókòó, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé: ṣé wọ́n fi tọrẹ ni àbí wọ́n fi pamọ́, ta ló lè kà á, èwo ni yóò wà ní títì títí di ìgbà wo. Ìwé ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, ẹ̀dà rẹ̀ ti tó.

Lọ́jọ́ tí àpótí bá dé, yàrá ọ̀tọ̀ ni kó sùn, nítorí ikán àti kòkòrò. Píìnì tó ti dípẹtà àti rọ́bà tó ti yọ́ mọ́ ìwé, kí wọ́n rọra yọ wọ́n. Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n fi kọ nọ́ńbà, kì í ṣe báírò. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ kan ibi tó ya; gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì ba ìwé jẹ́. Ìwé tí wọ́n bá sì ti fi iná lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, bí àwọn onífọ́tò kọ́pì ṣe ń ṣe sí sátífíkéètì, kò ṣeé tú mọ́.

Kí wọ́n má tètè da àjákù ìwé nù. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó. Lẹ́yìn tó kú ní 1901, inú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ti tún un kọ, tó fi jáde ní 1921. Bákan náà, ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Akínpẹ̀lú Ọ̀bísẹ̀san ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1914 wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Owó, gbèsè àti ọ̀rọ̀ ilé tó kún inú rẹ̀ ni àwọn onítàn ń wá lọ síbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni orúkọ. Ẹnì kan náà lè jẹ́ Abigail nínú káàdì ìrìbọmi, kó jẹ́ Àjíkẹ́ nínú lẹ́tà, kó sì jẹ́ Ìyá Ìbejì lẹ́yìn fọ́tò. Kí olùtọ́jú so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó sì gbé àwọn fọ́tò lọ bá àgbàlagbà ilé kí ojú wọn tó ṣú. Bí àgbà méjì bá pe èèyàn kan ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ èwo àti ọjọ́ tó sọ ọ́.