Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́?

Àwọn àgbà ní ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀. Àwa tí à ń gbé nítòsí ẹnubodè, láti Ìlaròó dé Ọjà-Ọ̀dàn, láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, a mọ bí òfin ṣe ń yí padà léni lórí. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdìròkò. Ẹni tó ní ọjà lọ́nà nígbà náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí bitcoin, USDT àti àwọn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn fi tètè wọ àwọn ọ̀dọ́ wa lára. Wọ́n gbọ́ pé owó tí ìjọba kankan ò láṣẹ lé lórí ni, owó tí aṣọ́bodè ò lè dá dúró. Èmi ò jiyàn pé ó wúlò. Oníṣòwò tó fẹ́ sanwó ọjà sí Kútọnu tàbí Ṣáínà, tó wá dọ́là títí tí kò rí, mọ̀ pé USDT kì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ owó ránṣẹ́, ìbéèrè kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?

Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé owó kan wà tí kò ní àgbà, ó fi àgbà rẹ̀ pamọ́ fún yín ni. Àwọn baba ńlá wa náà ná owó tí ọba kankan ò ṣe. Owó ẹyọ ni mò ń wí, tí wọ́n ń kà ní ogójì ogójì títí yóò fi di ẹgbàá, tí ẹgbàá mẹ́wàá yóò sì di ọ̀kẹ́ kan. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ló ti ń wá, jíjìn ọ̀nà náà ni kò sì jẹ́ kó pọ̀ jù. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò láti Hamburg ní Jámánì rí irú mìíràn tó pọ̀ yanturu ní Zanzibar, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o dà sí èbúté wa. Owó ẹyọ ń pọ̀ sí i, iye rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ó já débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ tó owó alágbàrù tí yóò rù ú lọ sọ́jà. Ẹni tó ti kó tirẹ̀ jọ sínú ìkòkò fún ogbó rẹ̀ ni ìyà náà jẹ jù. Kò sí ìjọba tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò rí rí ló wà ní ìdí orísun owó náà.

USDT náà ní ẹni tó wà ní ìdí orísun rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ Tether ló ń ṣe é, òun ló sì ṣèlérí pé dọ́là kan wà nílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àjọ CFTC ti Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 41 dọ́là lé e lórí, nítorí pé ohun tó ti ń sọ nípa owó tó wà nílẹ̀ kò bá òtítọ́ mu. Tether lè ti àpò USDT ẹnikẹ́ni pa, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń ṣẹ́ sẹ́ẹ̀fà ní ẹnubodè mọ̀ pé báńkì BCEAO ní Dakar ló ni sẹ́ẹ̀fà, pé 655.957 rẹ̀ ni euro kan. Bí wọ́n ṣe mọ ẹni tó ni sẹ́ẹ̀fà, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n mọ ẹni tó ni USDT. Ẹ gbà á, ẹ fi sanwó, kò burú. Owó tí ẹ máa fi ra ọjà oṣù tó ń bọ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀ pẹ́.

Blockchain fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé ìṣirò tó wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ó ṣòro gan-an kí ẹnìkan dá yọ́ wọlé lọ pa ohun tí a ti kọ rẹ́. Owó àwọn ènìyàn kì í sábà sọnù nínú ìwé náà. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọnù: lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, lórí fóònù wọn, lọ́wọ́ ẹni tó ní òun máa bá wọn fi ṣòwò.

Ẹ wo ìyá tó ń gba àjọ ní ọjà Sayédérò ní Ìlaròó. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba owó lọ́wọ́ yín kó má fi hàn yín nínú káàdì. Ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ọkọ rẹ̀, ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ. Bí oṣù bá parí, ó gba owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀, ó kó ìyókù fún yín. Kò ṣèlérí pé owó yóò di méjì. Ẹni tí ẹ lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó kó owó fún CBEX, ojú òpó ìdókòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní ilẹ̀kùn kankan tí wọ́n máa kàn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn CBEX ní owó yín yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, pé ẹ̀rọ tó gbọ́n ju ènìyàn lọ ni yóò máa bá yín fi ṣòwò kírípítò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó kọ̀, kò jáde mọ́. Wọ́n tún wá sọ fún àwọn tí owó wọn ti há síbẹ̀ pé kí wọ́n san 100 tàbí 200 dọ́là kún un kí wọ́n tó lè gba tiwọn. Ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó àga àti ohun èlò lọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iléeṣẹ́ tí wọ́n fi bojú ní ìwé ẹ̀rí CAC. Ó tún ní ìwé SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC. Ohun tí wọ́n ń fi hàn káàkiri orí WhatsApp nìyẹn. Ìwé CAC sọ pé orúkọ iléeṣẹ́ wà nínú ìwé ìjọba, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣẹ láti gba owó aráàlú fún ìdókòwò, àjọ SEC nìkan ló ń fún ni, SEC sì sọ pé òun kò forúkọ CBEX sílẹ̀. Ẹ lọ wo orúkọ náà fúnra yín lójú òpó SEC kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó, ẹ ní ọmọ kan ní Pólì Ìlaròó tàbí ní ọgbà OOU ní Ayétòrò tí yóò bá yín wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ètò sogúndogójì tó ń jẹ́ MMM di owó àwọn ènìyàn pa ní Nàìjíríà. Ní òdìkejì ẹnubodè, ICC Services ti ṣe tirẹ̀ ní Benin ní 2010: owó tó lé ní bílíọ̀nù 100 sẹ́ẹ̀fà ló bá a lọ, ìjọba Yayi Boni sì yọ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nípò nítorí rẹ̀. Àwọn ẹbí wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ò tíì gbàgbé.

Ẹ̀bi wà lọ́rùn ìjọba náà, n ò ní bò ó. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni SEC sọ pé owó orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ àbójútó òun. Kò pé oṣù márùn-ún, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ọdún 2021, tí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì ẹni tó ń ṣòwò rẹ̀ pa. Ta ni kí aráàlú wá tẹ̀ lé? Òwò náà ò kú. Ó sá wọ kọ̀rọ̀, ẹnìkan sí ẹnìkejì, tí ẹ ò mọ ẹni tó ń sanwó sínú àkáǹtì yín tàbí ibi tó ti rí i. Bí owó náà bá jẹ́ ti olè, àkáǹtì tiyín ni báńkì máa tì. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní 2024, SEC fún Busha àti Quidax, iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣẹ́ owó yìí, ní àṣẹ àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun tó ka owó wọ̀nyí mọ́ ohun ìdókòwò. Ẹni tó bá ṣe òwò gbájú-ẹ̀ bíi ti CBEX lábẹ́ òfin yẹn, owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 10. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ USDT sí náírà, ẹ lọ síbi tí òfin ti lè bá yín mú ẹni tó bá rẹ́ yín jẹ, bí èrè rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí ti ọmọ àdúgbò.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n jí owó tó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là lórí blockchain kan tó ń jẹ́ Ronin. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ló wà, márùn-ún péré tó láti ṣílẹ̀kùn, àwọn olè sì rí márùn-ún náà gbà. Tiyín kò tó mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àpò kírípítò yín ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá pè yín pé òun wá láti iléeṣẹ́ kí ẹ kà á fún òun, olè ni. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkan tí ẹ gbọ́kàn lé nínú ẹbí mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ni àpò náà bá kú láìsọ, kò sí kóòtù tó lè pín ogún yẹn, nítorí kò sí báńkì tí adájọ́ máa kọ̀wé sí.

Ẹni tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájú-ẹ̀ ńkọ́? Kó tọ́jú gbogbo rìsíìtì, nọ́ńbà àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ lórí fóònù, kó kọ̀wé sí SEC, kó lọ bá EFCC, kó sì sọ fún báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ìtìjú má dá a dúró. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnìkan lè pè é pé òun lè bá a gba owó náà padà bó bá kọ́kọ́ san owó iṣẹ́. Kó má dá a lóhùn rárá.