Ọ̀nà Ẹnu Ilé tí ń Yọ̀ ní Ìgbà Òjò

Ní ìlú àwọn òyìnbó, nígbà òtútù, omi a máa dì sí ẹnu ọ̀nà ilé, a sì le bí òkúta. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ a yọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Chicago mọ ìyọnu yìí dáadáa. Iyọ̀ ni wọ́n ń wọ́n sí iwájú ilé, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè dì. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú jù, agbára iyọ̀ a tán, yanrìn ni wọn a sì dà sí i kí bàtà lè rí ohun dì mú.

Ní Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn, omi kì í dì sílẹ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, àwọn ènìyàn ń ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé ara wọn. Ẹrẹ̀ pupa ni ó ń gbé àwọn kan ṣubú. Ohun aláwọ̀ ewé tí ń hù sórí sìmẹ́ńtì ni ó ń gbé àwọn mìíràn. Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn níbí yóò rí i pé omi ni ó ṣe é, omi tí a kò fún ní ọ̀nà tí yóò gbà lọ.

Nítorí náà, kí onílé tó ra yanrìn, kí ó kọ́kọ́ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ó sì fi ojú tọ ipa omi. Apá kan ń já láti orí páànù sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Apá kan jẹ́ omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ, èyí tí kì í gbẹ àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí ó pọ̀ jù ni àgbàrá tí ń ṣàn wá láti òkè, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wà ní Ìbàdàn. Kí a la ojú àgbàrá sí apá òkè, kí omi yà kúrò kí ó tó dé ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì darí omi tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìjà ni ó ń gbìn. Kí àwọn onílé àdúgbò jọ la ojú àgbàrá kan tí yóò dé odò, kí wọ́n má sì da ìdọ̀tí sí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tí ó kún gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Agbára omi kì í ṣe ohun àfojúdi.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí a ó dà sílẹ̀. Kí a kó ẹrẹ̀ rírọ̀ kúrò ná, nítorí ohunkóhun tí a bá dà lé e yóò rì. Yanrìn nìkan, òjò a gbé e lọ. Eérú a di ẹrẹ̀. Yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a gún mọ́lẹ̀ ni ó pẹ́ jù lọ. Ẹni tí owó kò tó lè da èèpo ekùrọ́ tí ó le, ó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ gidigidi. Bí a bá fẹ́ rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣe é. Kí ó rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan sí apá ibi tí omi yóò gbà lọ. Kí bíríkìlà má ṣe dán an bí awo! Kí ó fi ìgbálẹ̀ fà á ní ìbú kí ó tó gbẹ, kí ojú rẹ̀ lè há.

Ohun aláwọ̀ ewé náà, òjìji àti omi ni ó ń bọ́ ọ. Kí a gé ẹ̀ka igi tí kò jẹ́ kí oòrùn dé ibẹ̀, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣe agídí, a lè da blíìṣì tí a là sí i, kí a sì fi omi ṣàn án, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣàn sí kànga tàbí ìdí ohun ọ̀gbìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọ ṣáláńgá: èéfín tí ń jáde lára wọn a máa pa ènìyàn.

Bí àgbàlagbà bá ti ṣubú, tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì, tí ìka rẹ̀ sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí egungun ìbàdí ti ṣẹ́. Kí a má ṣe fi omi gbígbóná wọ́ ọ, kí a má ṣe fà á, kí a má sì fi ipá mú un dúró. Kí a fi aṣọ bò ó, kí a di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rí láàárín, kí a sì gbé e lórí pákó tí ó tẹ́jú lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.