Quick Assist Kò Ṣí Mọ́ ní Monrovia

Ìbéèrè: Monrovia ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn ni wọ́n máa ń fi Quick Assist bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò ṣí mọ́. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Kí òǹbéèrè má tíì gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Láti 2022 ni Quick Assist ti ń wá láti inú Microsoft Store. Kó yọ ti àtẹ̀yìnwá kúrò, kó gba tuntun níbẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn fáìlì Windows fúnra wọn ló bàjẹ́.

Lórí Windows 11, kó wọ Settings, kó lọ sí System, lẹ́yìn náà Recovery, kó wá tẹ "Reinstall now" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Fix problems using Windows Update". Kọ̀ǹpútà yóò tún Windows kan náà gbà, yóò fi rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́. Àwòrán, lẹ́tà àti áàpù rẹ̀ kò ní lọ.

Gígábáìtì ló máa jẹ, kì í ṣe mẹ́gábáìtì! Ọ̀rọ̀ dátà kì í sì í ṣe kékeré ní Monrovia. Wáyà abẹ́ òkun ACE, tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 2011, ni Liberia gbára lé. Nígbà tó já nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Kó dúró de ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, kó sì fi ṣájà sí kọ̀ǹpútà títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Lẹ́yìn náà, kó tẹ Ctrl, bọ́tìnì Windows àti Q pa pọ̀ láti ṣí Quick Assist. Kóòdù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fún un nìkan ni kó tẹ̀ sí i. Ní oṣù karùn-ún 2024, Microsoft kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń pe ènìyàn lórí fóònù, wọ́n á ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà làwọn, wọ́n á sì gba Quick Assist yìí kan náà wọlé.