Amoxicillin Kì í Ṣe Gúgúrú: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Apoògùn Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́, ẹ ti ka amoxicillin nílé ẹ̀kọ́, ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ sì ti fi yege ìdánwò. Ohun tí wọn kò bi yín nínú ìdánwò ni èsì tí ẹ ó fọ̀ nígbà tí bùọ̀dá kan bá na owó sí yín lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́, tó ní, "Dókítà, ẹ fún mi ní Amoxil mẹ́rin, gbogbo ara ló ń ro mí."

Ẹ má tà á fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e lọ o, torí bí ẹ bá lé e, yóò rí i rà ní ìsọ̀ kejì kó tó délé. Ẹ ní kó jókòó. Ẹ bi í pé ó tó ọjọ́ mélòó tí ara ti ń ro ó, ṣé ara rẹ̀ gbóná, ṣé ó ń wúkọ́, kí ló ti lò, ta ló sì ní kó lo Amoxil. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, òun gan-an sì ni iṣẹ́ yín. Ẹni tó ń na káàdì oògùn síwájú láìbéèrè kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta gúgúrú, ẹ̀wù funfun tó wọ̀ kò yí i padà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kan amoxicillin rárá. Bí ẹ bá fura sí ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, torí amoxicillin kì í pa kòkòrò ibà. Bó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn, fáírọ́ọ̀sì ló fà á, amoxicillin kò sì rí fáírọ́ọ̀sì gbé ṣe. Àìsàn tí bakitéríà fà ló wà fún: etí ọmọdé tó ń dùn ún tó sì ń ṣọyún, òtútù àyà, eyín tó gbọyún tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, àti ọ̀fun dídùn tí dókítà ti yẹ̀ wò. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ mọ́ oògùn mìíràn fún ọgbẹ́ inú tí bakitéríà tó ń jẹ́ H. pylori fà. Kì í ṣe pé apoògùn kò gbọ́n ni òfin fi ní kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó tà á. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wo inú etí yẹn, kó sì gbọ́ ohun tó ń dún nínú àyà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn díẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí "mẹ́rin" yẹn fi ń bí mi nínú. Inú ìdílé pẹnisílìn ni amoxicillin ti wá, èyí tí Alexander Fleming ṣàwárí ní London ní 1928. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Beecham, ní Brockham Park lágbègbè Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe amoxicillin fúnra rẹ̀, ó sì dé ọjà ní 1972. Ṣùgbọ́n ní 1945, nígbà tí Fleming ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un, ó ti kìlọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo ènìyàn yóò máa ra pẹnisílìn ní ìsọ̀, pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò yóò máa lo ìwọ̀n tí kò tó, kòkòrò náà kò ní kú, ńṣe ni yóò kọ́ bí yóò ṣe máa fara da oògùn. Ọdún 1945 nìyẹn o! Amoxil mẹ́rin tí bùọ̀dá wa ń béèrè lálẹ́ Jímọ́ kò tó oògùn ọjọ́ kan àbọ̀. Àwọn olùwádìí tó ṣírò rẹ̀ kárí ayé sọ pé ní 2019, bíi mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló sì le jù sí.

Ẹlòmíràn yóò ní owó òun kò tó gbogbo rẹ̀, kí ẹ gé ìdajì fún òun, òun á padà wá. Mo mọ̀ pé owó kò sí nílùú. Síbẹ̀, ẹ má gé e. Ẹ wá irú amoxicillin kan náà tí owó rẹ̀ kéré jù tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC lára, tàbí kí ẹ pe dókítà tó kọ ọ́. Ìdajì oògùn tí ẹ gé yẹn kì í sábà ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára, kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà kankan, inú ọ̀rá lásán ló wà. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lóru, dókítà tó bá gbà á wọlé kò ní mọ ohun tó gbé mì.

Nípa bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ má kàn sọ pé "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́" kí ẹ sì dákẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀sán, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹlòmíràn gbọ́ yẹn sí, oògùn kò sì ní sí lára rẹ̀ mọ́ láti alẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Amoxicillin kì í pẹ́ lára: ní nǹkan bíi wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ ti ń bá ìtọ̀ jáde. Ìgbà tí bakitéríà bá ń dàgbà, tó ń mọ ògiri ara rẹ̀, ni oògùn yìí máa ń ba ògiri náà jẹ́. Bí oògùn bá tán lára, ògiri á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Nítorí náà, ẹ bi aláìsàn ní aago tó ń jí àti aago tó ń sùn, kí ẹ wá bá a pín in bíi wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ: kó lo ọ̀kan bó bá jí, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sán, ọ̀kan kó tó sùn. Ṣáájú oúnjẹ tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, kò ní nǹkan ṣe. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, kó lo ó bó bá ti rántí, àfi bí àkókò èyí tó tẹ̀ lé e bá ti kù díẹ̀. Kó má lo méjì pọ̀ láé. Iye ọjọ́ tí dókítà kọ ni kó lò ó dé. Kó má dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì, kó má sì ra kún un "kó lè kú dáadáa."

Ti ọmọdé ló gba sùúrù jù lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń mọ apoògùn tó mọṣẹ́. Oògùn oníyẹ̀fun inú ìgò yẹn, ẹ má gbé e lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ kó máa lọ. Ẹ pò ó fún un níbẹ̀, níwájú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgò náà kí ìyẹ̀fun tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ lè tú. Omi tó ti hó tó sì ti tutù pátápátá ni kí ẹ lò. Omi gbígbóná ń ba oògùn jẹ́. Ẹ bu bí ìdajì sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wá fi ìyókù kún un dé ojú ìlà. Ẹ dúró kí ìfófòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹ tún wo ojú ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìfófòó máa ń tan ojú jẹ, omi kò ní tó, oògùn á sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ìgò. Òmíràn ní kí wọ́n dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ 7, òmíràn ọjọ́ 14. Ohun tó wà lára ìgò ni kí ẹ kà fún un. Bí wọ́n bá ní fíríìjì, kó wọ inú rẹ̀. Bí wọn kò bá ní, tàbí tí iná kì í dúró ládùúgbò wọn, ẹ sọ fún ìyá náà níbi tó tutù tí oòrùn kì í dé nínú ilé, kì í ṣe orí fèrèsé.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó gbowó. Ìgò náà sábà máa ń jẹ́ 100 ml. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ lo 5 ml lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, 15 ml ni yóò lò lójúmọ́. Ní ọjọ́ 7, ó di 105 ml. Ìgò kan kò ní pé. Ìyá tí ẹ kò bá sọ fún yóò kàn dúró níbi tí ìgò bá gbẹ sí. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ 5, 75 ml ni ọmọ yóò lò, 25 ml yóò kù, ibi kọ́ńbọ́ọ̀dù ni yóò sì wà de àbúrò rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá náà lójú ara rẹ̀ pé kó da èyí tó bá kù nù.

Síbí ńkọ́? Síbí ilé kò dọ́gba. Ti ọbẹ̀ tóbi, ti tíì kéré, òmíràn wà láàárín. Ẹ fún un ní síbí oògùn tàbí sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ibi tí yóò fà á dé. Ẹ wo agbára rẹ̀ náà: 125 mg wà nínú 5 ml òmíràn, 250 mg wà nínú ti òmíràn, páálí wọn sì lè jọra bí ìbejì. Ẹ wọn ọmọ lórí ìwọ̀n bí ẹ bá ní in, kí ẹ fi ìwúwo rẹ̀ wé ohun tí dókítà kọ. Bí nọ́ńbà náà kò bá yé yín, ẹ pe dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìyá mìíràn yóò wá pé ọmọ òun ń wúkọ́, kí ẹ fún òun ní Amoxil. Ẹ ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè, ẹ gbé aago jáde, ẹ ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 4 bá mí tó 40, kì í ṣe ọ̀rọ̀ káńtà mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí gìrì mú un, ẹ bá wọn pe ọkọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ìlà gùn tó: "Ṣé ẹ ti lo pẹnisílìn, Ampiclox tàbí Amoxil rí, kí ara yín má gbà á?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ìgbẹ́ gbuuru tàbí kí inú máa rú kì í ṣe ohun tí mò ń wí. Oògùn yìí máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dẹ́rù bani ni kí ara lé wúwú kó máa yún, kí ètè àti ojú wú, kí ọ̀fun dí, kí ènìyàn máa mí gúlegúle. Òótọ́ ni pé bí wọ́n bá yẹ àwọn tó ń sọ pé ara àwọn kò gba pẹnisílìn wò dáadáa, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ara wọn gbà á. Ṣùgbọ́n orí káńtà yín kọ́ ni wọn yóò ti dán an wò. Ẹ má fún un, ẹ padà sí dókítà fún òmíràn. Kí ẹ sì rántí pé Ampiclox, ọmọ ìyá kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ó pé bí ojú bá wú tàbí tí mímí bá ṣòro, kó má dúró dọjọ́ kejì.

Mo dárúkọ Ampiclox, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Ọmọbìnrin kan lè wọlé, kó fohùn sílẹ̀, kó ní òun fẹ́ Ampiclox méjì péré. Ẹ má bú u, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ó ń dènà oyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kò dènà oyún, kò sì dènà kòkòrò HIV. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oògùn tó ń dènà oyún pàjáwìrì wà, bó bá sì ti tètè lò ó tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Bó bá ń bẹ̀rù HIV, ilé ìwòsàn ní oògùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Kò sẹ́ni tí yóò sọ èyí fún un bí ẹ bá kàn gba owó Ampiclox lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti Augmentin kò gùn. 625 rẹ̀ jẹ́ amoxicillin 500 mg àti clavulanic acid 125 mg, èyí tó ń dáàbò bo amoxicillin lọ́wọ́ àwọn bakitéríà tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́. Bí 625 bá tán, ẹ má fi 375 méjì dípò rẹ̀: clavulanic acid inú rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, inú aláìsàn ni yóò sì jẹ ìyà. Ìbẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ni kí wọ́n máa lò ó.

Ẹ gba nọ́ńbà fóònù aláìsàn, kí ẹ pè é ní ọjọ́ kẹta. Ó yẹ kí ara ti máa yá nígbà náà. Bí kò bá tíì yá, ẹ má fi àǹtíbáótíìkì tó le ju èyí lọ pàrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yóò máa yún yín láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a padà sí dókítà, kí ẹ sì kọ ìwé kékeré lé e lọ́wọ́: orúkọ oògùn tó ti lò, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.