Iná Tí Jésù Kò Jẹ́ Kí Ó Sọ̀kalẹ̀

Bíbélì kíkà: Lúùkù 9:51–56, Jòhánù 3:17

Ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, abúlé Samáríà kan kọ̀, wọn kò gba Jésù. Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná ọ̀run lé wọn lórí. Jésù bá àwọn méjèèjì wí, wọ́n sì gba abúlé mìíràn lọ. Ìgbàlà ni ó bá wá, kì í ṣe ìdájọ́.

Láàrin 1997 sí 2000, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ dáná sun ilé ara wọn. Àwa ìyá kò yìnbọn, ṣùgbọ́n ẹnu wa ńkọ́? Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ṣépè, lórí eékún àdúrà pàápàá.

Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:14–17. Jòhánù yìí kan náà ni ó bá Pétérù lọ gbé ọwọ́ lé àwọn ará Samáríà, tí wọ́n fi gba Ẹ̀mí Mímọ́. Ká ní iná ti jó wọn ní ọjọ́sí, ta ni ì bá gbé ọwọ́ lé?