Ẹ Tọ́jú Ìwé Àwòrán Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kabusa, mo máa ń gbọ́ àríyànjiyàn yín nírọ̀lẹ́: ṣé Star Wars ti 1977 ló dùn jù ni, àbí ti 2015 tí John Boyega kópa nínú rẹ̀? Àwọn òbí Boyega, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n o. Ẹ máa jiyàn lọ, àmọ́ ẹ wo fíìmù tán kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé àwòrán gan-an ló ká mi lára. Ní àwọn ọdún 1970, Atọ́ka là ń kà, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà wa sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lára àwòrán. Mo ní odindi àpótí kan. Òjò ba apá kan jẹ́, ikán jẹ ìyókù. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rá wé ìwé àwòrán Comic Republic yín, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kó jìnnà sí ògiri tó ń rin. Ara ọ̀rá ni kí ẹ kọ ọdún tí ẹ rà á sí, ẹ má kọ ọ́ sára ìwé.

Ẹ tún wo Iwájú, eré kátúùnù tí Kugali àti Disney gbé jáde ní 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ pe èmi náà.